Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá (Volkswagen Beetle) mi: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdúró. Ẹ rántí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá 1600 tí mo gbé sínú ọkọ̀ ìje tí mo fọwọ́ ara mi jó pọ̀, tó ń gbóná bí ààrò, tó sì ń yìnbọn láti inú sàlẹ́ńsà?

Kì í ṣe kabúrétọ̀ tí mo kọ́kọ́ fura sí rárá. Tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà láàárín fáàfù àti apá irin tó ń ṣí i. Èmi ọ̀mọ̀ràn ń sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná! Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì kan ní kí n jẹ́ kó sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo kò tilẹ̀ ráyè wọlé ní sílíńdà kẹta. A fi 0.15 mm sí gbogbo wọn, a tẹ̀lé 1-4-3-2, bí iná ṣe ń tàn nínú àwọn sílíńdà tẹ̀léra.

Sílíńdà kẹta yìí ló máa ń gbóná jù, torí nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kúlà ọ́ìlì (ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù) dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mú un tutù mọ́ ọn. Èmi náà tún ti yọ páànù abẹ́ rẹ̀ tó ń darí afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo ti dá a padà.

Mo sá a yíká pápá kan lọ́nà Mọ́níyà ní Sátidé, kò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Kabúrétọ̀ tí mo sáré rà ní Àràròmí, Gate, ti padà sínú páálí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ká dúnàádúrà.