Eyín ọmọdé ajá mi kọ̀, kò ká: kí n dúró ni àbí kí n ní kí wọ́n yọ ọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ajá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Abo ajá ni, ìran kékeré, ó ti pé oṣù 7. Eyín iwájú rẹ̀ ká wọ́ọ́rọ́wọ́; mo tiẹ̀ he ọ̀kan níbi tó ń sùn sí, kò ju èékánná ọmọ jòjòló lọ. Àmọ́ eyín ṣóńṣó méjèèjì tòkè kọ̀, wọn ò ká. Eyín àgbà ti hù síwájú wọn, wọ́n wá tò ti ara wọn ní méjì méjì bí ìbejì. Oúnjẹ àti irun ń há sáàárín wọn, ẹnu rẹ̀ sì ti ń rùn díẹ̀. Tìsàlẹ̀ ti ká ní tiwọn, ọpẹ́ ni, torí àwọn yẹn ló máa ń gún àjà ẹnu.

Mo ti fún un ní rọ́bà láti máa rún, mo sì ti bá a fa okùn ṣeré fún ọ̀sẹ̀ 3. Ọ̀kan ń mì, èkejì dúró gbọn-in. Mi ò fi ẹ̀mú kàn án o: gbòǹgbò rẹ̀ gùn, bó bá kán sínú erìgì, wàhálà mìíràn nìyẹn.

Dókítà ẹran ní kí n dúró fún oṣù 2 sí i, kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ, kó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ oorun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ajá yín: bí ẹ bá dúró tó oṣù 9, ṣé eyín àgbà ṣì bọ́ sáyè rẹ̀, àbí ó ti wọ́?