Nígbà tí bàálù wa já sójú òkun

Òkun ti yí wa ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì kejì dákẹ́. Àwa mẹ́sàn-án ni a wà nínú bàálù kékeré náà pẹ̀lú awakọ̀, ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́ débi pé mo ń gbọ́ mímí ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi. Awakọ̀ ní kí a wọ ẹ̀wù ìléfòó, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa okùn tí yóò mú un wú àfi tó bá ti jáde tán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́. Mo rò nígbà náà pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàálù lu omi, èyí èkejì ló sì fọ́ dígí iwájú. Omi ti dé àyà mi kí n tó rí bẹ́líìtì tú. Ọkùnrin tó wà lọ́tùn-ún mi ti fa okùn tirẹ̀, ẹ̀wù náà wú, ó gbé e lẹ̀ mọ́ àjà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti wà lábẹ́ omi, kò sì sí bí ó ṣe lè rì débẹ̀. Awakọ̀ ló fi ọ̀bẹ dá ẹ̀wù náà lu, tí a fi rí i wọ́ jáde. Níta, èmi àti ẹnì kan fi apá kọ́ ọ sáàárín títí ọkọ̀ ojú omi fi dé, nítorí kò ní ohun tí yóò mú un léfòó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa bàálù ilẹ̀ Ethiopia tí àwọn jàǹdùkú já gbà ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, tí epo rẹ̀ tán, tí ó sì já sínú òkun nítòsí etíkun Comoros. Ènìyàn 175 ló wà nínú rẹ̀, 125 sì kú. Lára wọn ni àwọn tó ti jẹ́ kí ẹ̀wù wọn wú nínú bàálù, tí wọn kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́.

*

Ẹ kú ewu, ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Èmi wà lára àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi dóòlà ẹ̀mí. Kì í ṣe bàálù yín ni a lọ bá, òmíràn ni. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí a bá ti ju okùn sí ẹni tó wà lójú omi, ó parí. Obìnrin kan wà tí okùn wa já sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, ó kàn ń wò ó ni, nítorí òtútù ti gba agbára ìka rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló bọ́ sómi lọ bá a. Ní ìdùbúlẹ̀ ni a gbé e wọnú ọkọ̀. Bí a bá fa ẹni tí òtútù ti mú pẹ́ sókè lóòró, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí ó sì gbabẹ̀ kú nígbà tí a rò pé a ti gbà á là. Tìmùtìmù ìjókòó bàálù ni obìnrin náà fi apá méjèèjì gbá mọ́ àyà. A fi aṣọ ìbora wé òun àti tìmùtìmù náà pọ̀, a kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀.