Iná àmì bíréékì ọkọ̀ tí camping-car ń fà: kí ló dé tó ń tàn nígbà tí kò yẹ kó tàn?

Ọmọ Àkábà, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníná ọkọ̀.

Camping-car (ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn sí) Fiat Ducato kan ló ń fa Toyota Starlet. Ẹsẹ̀ Starlet mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí nílẹ̀. Jíà ọlọ́wọ́ ni, a ti yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ọ̀pá irin onígun mẹ́ta ló so ó mọ́ Ducato. Nínú Starlet, àpótí kan wà nílẹ̀ níwájú ìjókòó awakọ̀ tó ń fi apá irin tẹ pẹ́dà bíréékì bí Ducato bá ti ń dín eré kù. Iná ẹ̀yìn Starlet fúnra rẹ̀ ni Ducato ń tàn, a kò gbé pátákó iná kọ́ ọ lẹ́yìn.

Ohun tí a fẹ́ ni iná pupa kékeré lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Ducato, tí yóò tàn kìkì nígbà tí àpótí yẹn bá tẹ pẹ́dà. A já wáyà kan lára wáyà iná bíréékì lẹ́yìn Starlet, nítòsí ampoule (gílóòbù), a gbà á kọjá nínú ihò 12 prise oníhò 13 (ibi tí wáyà iná ọkọ̀ méjèèjì ti pàdé), ó fi nǹkan bíi mítà 9 rìn dé LED 12 V níwájú. Ẹsẹ̀ kejì LED wà lórí masse Ducato (irin ara ọkọ̀ tó so mọ́ ẹnu odì bátìrì). Kò sí diode (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọjá) níbì kankan.

Àìsàn méjì ló ń ṣe é. Bí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ kan bíréékì Ducato, LED á tàn, bí a tilẹ̀ pa àpótí náà pátápátá. Èkejì, bí a bá tan veilleuse (iná kékeré alẹ́) lálẹ́, LED á máa tàn bàìbàì láìsí ẹni tó tẹ bíréékì kankan. Níbo la ti ṣì í?

Rẹwáyà Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrìn o. Ibi tí ẹ ti já wáyà ni ẹjọ́ wà.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé wáyà ẹ̀yìn yẹn. Ducato ń rán tirẹ̀ gba ihò 6 prise, èyí tó jẹ́ ti iná bíréékì, switch tó wà lókè pẹ́dà Starlet náà ń rán tirẹ̀. LED kò mọ èwo ló wá nínú méjèèjì. Ó rí iná, ó tàn. Ohun tí ẹ ń wò níwájú nísinsìnyí, bíréékì Ducato ni, èyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àpótí bá tẹ pẹ́dà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sí lórí bíréékì Ducato, bátìrì Starlet ló ń tan iná bíréékì ọkọ̀ méjèèjì. Ampoule 21 W kan ń jẹ nǹkan bíi 1.75 A. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní mẹ́ta, ó lé ní 10 A, gbogbo rẹ̀ lórí fusible (fíúsì) STOP Starlet nìkan. Ọjọ́ tí fusible yẹn bá jó, LED á kú, ẹ ó sì máa fi ẹ̀bi kan àpótí.

Bí a ṣe ń tún un ṣe rèé. Ẹ lọ sídìí switch pẹ́dà Starlet. Ẹ máa rí wáyà kan tó ní 12 V nígbà gbogbo, àti òmíràn tó ń ní 12 V kìkì bí a bá tẹ pẹ́dà. Mítà ni kí ẹ fi wò ó, ẹ má gbára lé àwọ̀: ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ rẹwáyà mẹ́ta mẹ́rin kọjá kò ní àwọ̀ mọ́. Wáyà kejì yẹn la ń wá. Kí ó tò tẹ̀léra báyìí: switch, ibi tí wáyà LED ti yà, diode, ampoule ẹ̀yìn. Wáyà tó ń bọ̀ láti ihò 6 náà gbọ́dọ̀ gba diode tirẹ̀ kó tó dé ampoule kan náà. Nínú gbogbo wọn, ìlà funfun ara diode ni kó kọjú sí ampoule. Bí Ducato bá wá rán iná, á dé ampoule, á kan ògiri, kò ní lè padà dé ibi tí LED ti yà.

Lórí irú diode: 1N4007 tí wọ́n ń tà káàkiri, 1 A ni. Kò lè gbé ampoule 21 W, á jó. 1N5408 jẹ́ 3 A, ẹ lo ẹyọ kan fún ampoule kan. Ẹ má fi diode kan ṣoṣo gbé ampoule mẹ́ta pọ̀. 5 A nínú diode tó ń gbé 0.9 V mì, ooru tó lé ní 4 W nìyẹn nínú ike tí kò tó ìka ọmọdé, á yọ́ mọ́ wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí diode Schottky 5 A bíi SB560, òun ló dára jù, ohun tó ń gbé mì kò tó ti èyí, iná ẹ̀yìn kò ní ṣú.

Wáyà LED kò nílò agbára, ohun tó ń jẹ kò ju 12 mA lọ. 0.75 mm² tó, nítorí kó má tètè já ni a kò ṣe lo èyí tó tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi fusible 1 A sí i, kó má jìnnà ju 15 cm lọ sí ibi tí ẹ ti já a. Bí LED yín bá jẹ́ èyí tí kò ní résistance nínú, 1 kΩ ló gbà lórí 12 V.

Àìsàn kejì, masse ni. Bí veilleuse bá tàn, iná yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí Ducato. Bí ọ̀nà náà bá dí, ara Starlet gbogbo á gòkè ju masse Ducato lọ ní fóltì mélòó kan. Wáyà iná bíréékì yín so mọ́ ara Starlet nípasẹ̀ ampoule, nítorí náà òun náà gòkè, LED sì rí i láti ọ̀dọ̀ Ducato. LED pupa kò bèèrè ju 2 V lọ kó tó máa ṣẹ́jú. Ẹ tan veilleuse, ẹ fi ẹnu mítà kan sí irin ara Starlet, ìkejì sí ẹnu odì bátìrì Ducato. Bó bá ju 0.2 V lọ, masse ò dáa. Ẹ kíyè sí i pé diode tí mo sọ yóò gba LED lọ́wọ́ àìsàn yìí, kò ní tàn bàìbàì mọ́, ṣùgbọ́n masse á ṣì máa ṣàìsàn lábẹ́lẹ̀. Masse ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́

Òótọ́ ni Rẹwáyà sọ. Ṣùgbọ́n ó ṣeé mú rọrùn. Bí Starlet yẹn bá ní iná bíréékì kẹta ní ojú gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ fi òun sílẹ̀ fún switch Starlet nìkan, kí Ducato má fọwọ́ kàn án. Diode mẹ́rin péré ló kù: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹ wá já wáyà LED lára wáyà iná kẹta yẹn nínú bútù, ẹ ò ní láti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ pẹ́dà. Bí camping-car bá ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, iná kẹta yẹn fúnra rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gé wáyà ọkọ̀ rárá, kó ra pátákó iná tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn, kí Ducato máa tan pátákó, kí Starlet máa tan tirẹ̀. Kò sí diode, kò sí ìjà. Èyí ni mo máa ń fara mọ́ fún ọkọ̀ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí iná rẹ̀, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ ampoule wò láti inú, bó bá rí iná àjèjì lórí wáyà á kọ àṣìṣe sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú irú wọn pẹ̀lú, switch pẹ́dà lè má gbé iná ampoule rárá, kọ̀ǹpútà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé awakọ̀ náà pé LED kò sọ pé bíréékì mú. Ó sọ pé pẹ́dà kúrò nílẹ̀ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀nà láti Àjàṣẹ́ gba Sakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, dos d'âne (òkìtì ojú ọ̀nà tó ń mú ọkọ̀ rọra) ló máa kọ́kọ́ dán an wò. Bí LED bá ń tàn lórí dos d'âne kọ̀ọ̀kan tí Ducato kò sì dín eré kù tó bẹ́ẹ̀, etí àpótí ti mú jù, ẹ dín in kù. Bó bá tàn tí kò kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí Ducato ti ń sáré padà, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pẹ́dà kò padà, bíréékì ń jó nìyẹn. Epo bíréékì á hó, táyà á tẹ̀lé e.

Ọmọ Àkábà, Kétu

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mítà fi 3.4 V hàn pẹ̀lú veilleuse. Wáyà funfun ihò 3, ti masse, ló wà lábẹ́ bóòtù tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà. A ha ọ̀dà náà kúrò títí irin fi yọ, a fi wáyà 2.5 mm² rọ́pò rẹ̀, ó ti di 0.1 V. Diode mẹ́rin ni a máa fi sí i gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí, iná kẹta wà.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí a bá dúró fún wákàtí mélòó kan, bátìrì Starlet kì í lè yí mótò mọ́. Ṣé LED ló ń mu ún?

Ìyá Oníná, Pọ́bẹ̀

Kì í ṣe LED, ọmọ mi. 12 mA á pẹ́ ju oṣù kan lọ kó tó tán bátìrì 45 Ah. Ohun méjì ni kí o wò.

Èkíní ni apá irin àpótí náà. Bí o bá dúró nígbà tí ó ṣì fẹ̀yìn ti pẹ́dà díẹ̀, switch kò tíì pa. Ampoule mẹ́ta ní 5.25 A, 45 Ah á tán láàárín wákàtí mẹ́jọ àti díẹ̀, kí ó sì tó tán ni mótò á ti máa kọ̀. LED yẹn gan-an ló yẹ kó sọ fún ọ: bó bá ṣì ń tàn lẹ́yìn tí o ti gbọ́kọ̀ sílẹ̀, má kúrò níbẹ̀.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́. O ní láti fi í sí ACC kí sítíárì má bàa tì, àmọ́ ACC ń bọ́ rédíò àti ohun gbogbo tí ó so mọ́ ọn. Yọ fusible rédíò kúrò kí o tó gbéra.

Bí o bá fẹ́ kí Ducato máa bọ́ bátìrì Starlet lójú ọ̀nà, ihò 10 ni kí o lò, kì í ṣe 9. Ihò 9 ní iná nígbà gbogbo, bátìrì méjèèjì á jọ kú pọ̀ bí o bá sùn. Ihò 10 ń pa nígbà tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ pa contact, ihò 11 sì ni masse tirẹ̀. Wáyà 2.5 mm², fusible 15 A ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ṣé o gbọ́? Ìpẹ̀kun méjèèjì, nítorí bátìrì wà ní ìhín, bátìrì wà ní ọ̀hún. Ibi tó wù kí wáyà náà bó sí, iná á bá a láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Kí o tó ra ohunkóhun, fi mítà wo ihò 10 náà. Nínú ọ̀pọ̀ prise oníhò 13, ihò wà lójú, kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀.

Rẹwáyà Àjàṣẹ́

Ìyá mi, ẹ ṣé. Mo fẹ́ fi kún un nípa ihò 12: nínú ọkọ̀ kan, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé a ti so ọkọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ ṣí ẹ̀yìn prise Ducato, ẹ rí i dájú pé kò sí wáyà ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Ẹ má lo domino oníná ilé. Ọ̀nà tó ń gbọ̀n á tú ìdè rẹ̀. Ẹ fi òjé lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ọ̀pá ike tó ń súnkì bò ó. Chatterton (téèpù oníná) nìkan kò tó lábẹ́ ọkọ̀, oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́, eruku pupa máa ń kún inú prise. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án, ó di ẹrẹ̀, ẹnu bàbà á hu àwọ̀ ewé. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi vaseline díẹ̀ pa á, ẹ sì máa de ìdérí rẹ̀ nígbà tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹni méjì kí ẹ tó jáde. Tan veilleuse: LED kò gbọdọ̀ tàn. Tẹ bíréékì Ducato: iná ọ̀tún àti òsì Starlet tàn, LED kò tàn. Fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà Starlet: iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Starlet tàn, LED tàn, iná Ducato kò tàn. Bí iná Ducato bá tàn, ẹ ti yí diode kan padà.

Àlejò, Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, camping-car tó bá wá láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣé àwọ̀ wáyà kan náà ni?

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́

Rárá o. Lọ́dọ̀ tiwọn, bíréékì àti clignotant (iná tó ń ṣẹ́jú láti fi yà) sábà máa ń jọ gba wáyà kan: yẹ́lò ni ti òsì, àwọ̀ ewé ni ti ọ̀tún. Tiwa ní wáyà bíréékì lọ́tọ̀, èyí tó pupa, ní ihò 6. Bí ẹ bá so yẹ́lò mọ́ yẹ́lò, clignotant Starlet á máa tàn nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréékì. Ẹ nílò àpótí ayípadà tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, àti ampoule tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12 V. Wáyà LED ní tirẹ̀ kò yí padà, láti ọ̀dọ̀ switch Starlet ló ti ń bọ̀, kò kan Amẹ́ríkà.