Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́ta ṣàdédé ń kólòlò, tíṣà ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àjàní
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Àjàní mi ti pé ọdún mẹ́ta, ó ti wọ nọ́sìrì. Ọmọ tí mo ṣì ń fi ọ̀já pọ̀n lọ sọ́jà Bódìjà lọ́dún tó kọjá, tí n bá ní kó wá kí n pọ̀n ọ́n báyìí, á ní rárá, òun ti dàgbà, á ki bàtà ọ̀tún bọ ẹsẹ̀ òsì, á máa lọ níwájú mi bí ọ̀gá. Oúnjẹ, òun fúnra ẹ̀ ni. Bọ́tìnnì, òun fúnra ẹ̀ ni. Tí mo bá gbàgbé ṣí ilẹ̀kùn fún un, ẹkún ni, àfi kí n padà tì í kóun náà lè wá ṣí i. Inú mi ń dùn, inú mi ò sì dùn tán, torí ẹ̀yìn mi ti ṣófo (ẹ má tíì ṣe àmín o, n ò tíì ṣe tán).

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Yorùbá ọmọ yìí já gaara, torí ọwọ́ màmá mi ló wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àfi bó ṣe di bí oṣù méjì sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní "mo-mo-mo-mọ́mì, kí-kí-kí ló dé", ìbéèrè dẹ̀ ni látàárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé wa, kí ló dé tí adìyẹ ò wọ bàtà. Nígbà mìíì á máa fà á "mmmmm" kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Lọ́jọ́ mìíì kò ní ṣe é rárá, tó bá tún di ọ̀la á bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká fi agogo bu omi fún un mu. Bàbá ẹ̀ ní ká fi sílẹ̀, pé òun náà ṣe é ní kékeré. Tíṣà ẹ̀ wá pè mí lọ́sẹ̀ yìí, ó ní èdè méjì ló ń da ọpọlọ ọmọ rú, ká máa sọ òyìnbó nìkan fún un nílé. Ṣé òótọ́ ni? Tí mo bá gba Yorùbá lẹ́nu ẹ̀, báwo lòun àti ìyá mi á ṣe máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Màmá Ìbejì
Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Kẹ́hìndé mi ṣe é, Táíwò ò ṣe é, inú kan náà, ilé kan náà, èdè kan náà. Ó kàn lọ fúnra ẹ̀ ni. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Dádì Fẹ̀yí
Fóònù ni o. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, kátúùnù yẹn ń sáré sọ̀rọ̀ jù, ọmọ dẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ bí tiwọn.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ ná. Ìyá Àjàní, láàárín ọdún méjì sí márùn-ún gan-an ni kíkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń ya wọ orí ọmọ lójoojúmọ́, gbólóhùn ń gùn sí i, ẹnu ò tíì yára tó orí, bí omi tó pọ̀ tó fẹ́ gba inú páìpù kékeré kọjá. Nínú ọmọ 20, ó tó ẹyọ 1 tó máa gba ibẹ̀ kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì máa ń fi í sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn o, ìdí nìyẹn tí n kì í fẹ́ ká kàn pòwe lé e ká máa lọ, Màmá Ìbejì ẹ má bínú.

Ohun tí mo dì mú nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ni ti bàbá ẹ̀, ẹ kàn sọ ọ́ kọjá ni. Kíkólòlò máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì máa ń pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹ bi ọkọ yín dáadáa, ọmọ ọdún mélòó ló wà nígbà tó ṣíwọ́? Àbí kò ṣíwọ́, ó kàn ń fọgbọ́n yẹra fún àwọn ọ̀rọ̀ tó le lẹ́nu ẹ̀?

Kẹ́ ẹ wá máa wo Àjàní náà. Tó bá ń ṣẹ́jú léraléra, tó ń fún ẹnu pọ̀, tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, tàbí tó bá ní òun ò sọ mọ́, tàbí tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà tí kò lọ, ẹ má dúró. Àní torí ti bàbá ẹ̀ yẹn, ẹ kúkú mú un lọ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, ẹ̀ka ENT (àwọn tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun) wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wọ́n á yẹ etí ẹ̀ wò, ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Nílé, ẹ má ní "rọra sọ ọ́", ẹ má ní "tún un sọ", ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ máa rọra sọ̀rọ̀, ẹ wojú ẹ̀, ẹ dúró dè é. Omi agogo ò ní ṣe é ní nǹkan kan tí agogo bá mọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé torí ẹnu òun lẹ ṣe ń fún òun mu, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Dádì Fẹ̀yí, fóònù kọ́ ló ń fà á. Àmọ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kó má ju wákàtí 1 lọ nídìí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n lójúmọ́, kó sì máa sùn tó wákàtí 10 sí 13. Oorun yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn, torí tó bá ti rẹ̀ wọ́n ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é jù.

Tíṣà Ọ̀yọ́
Tíṣà lèmi náà. Èdè méjì kì í fa kíkólòlò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, òyìnbó wá wà níbẹ̀ bíi iṣẹ́ kan láàyè tiẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn nínú òyìnbó rárá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ẹ̀ ní 2022, pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pámárì, wọ́n tún fagi lé e ní November 2025. Ṣé ẹ rí i pé àwọn tó wà lókè gan-an ò fẹnu kò, ká má dá tíṣà kékeré nìkan lẹ́bi, ohun tí wọ́n ní kó sọ ló ń sọ. Àmọ́ kíláàsì ẹ̀ kọ́ ni pálọ̀ yín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham
Mo fẹ́ fi ẹnu sí ti èdè yẹn. Ọ̀dọ̀ tiwa ní London níbí, health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn ọmọ kékeré, ló kọ́kọ́ rí i lára ọmọ mi nígbà tí wọ́n ń yẹ ẹ́ wò ní ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, wọ́n ní ká lọ rí ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, a ò sanwó àmọ́ a dúró títí kó tó kàn wá. Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin yẹn bi wá ni èdè tí à ń sọ nílé, ọkọ mi ti ń sáré dáhùn pé òyìnbó ni, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà ní ká máa sọ èyí tó bá rọ̀ wá lọ́rùn jù, ká má dẹ́kun Yorùbá. Ó wá ní ká máa yọ ìṣẹ́jú 5 sọ́tọ̀ fún un, kò sí fóònù, kò sí ìkòkò lórí iná, eré tó bá yàn la máa bá a ṣe, a ò ní máa da ìbéèrè bò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni.

Ìyá Àgbà Ẹlẹ́kọ
Ẹ máa pàlọ́ fún un lálẹ́. Akólòlò tó bá ń kọrin kì í kólòlò, tó bá ń gbe orin àlọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì kì í kólòlò, mo rí i lára àbúrò mi. Kí màmá yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́ máa kì í lórí fóònù, Àjàní ọmọ báyìí, Àjàní ọmọ báyìí, kóun náà máa gbà á lẹ́nu wọn. Òyìnbó wo lẹ fẹ́ fi kì í?

Ìyá Àjàní
Ọlọ́run á bá mi tọ́jú gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní, mo béèrè o. Ìyá ọkọ mi ní ìgbà tó wọ pámárì tú ló ṣíwọ́. Àṣé irọ́ ni, ọkọ mi fúnra ẹ̀ sọ fún mi lánàá pé títí di ìsinsìnyí, tí wọ́n bá ní kóun pe orúkọ òun lórí fóònù, àyà òun máa ń já, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní "èmi ni" ṣáá. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mo rò pé ìgbéraga ni. Òun gan-an ló ní ká lọ UCH, òun á tẹ̀ lé wa. Ti tíṣà ló kù, n ò fẹ́ kó dà bí ìjà, kí wọ́n má lọ máa fojú ọmọ mi rí nǹkan. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan dẹ̀ ti ń sín in jẹ.

Tíṣà Ọ̀yọ́
Ẹ má lọ ní àsìkò tí wọ́n ń kó ọmọ fún òbí, kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo yẹn. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ lọ tán. Ẹ má dárúkọ Yorùbá rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn ní ẹ ń mú un lọ rí dọ́kítà, ẹ sì ń wá ìrànlọ́wọ́ ẹ̀: kó má pè é dìde láti ka nǹkan níwájú kíláàsì àfi tóun fúnra ẹ̀ bá nawọ́, kó jẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa kà á pọ̀, ẹni tó bá ń sín in jẹ kó bá a wí ní kọ̀rọ̀, kó má ṣe é lójú gbogbo kíláàsì torí wọ́n á tún ṣe é sí i. Tíṣà tẹ́ ẹ bá ní ẹ nílò máa ń rọ̀. Pọfu-pọfu díẹ̀ lọ́wọ́ náà ò burú.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní
Ẹ kí bàbá Àjàní fún mi, ìyẹn ò rọrùn láti sọ. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ká ohùn ọmọ sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣeré, láìjẹ́ kó mọ̀, lọ́jọ́ tó bá ń ṣe é dáadáa. Ọmọ lè dé iwájú dọ́kítà kó máa sọ̀rọ̀ bí asọ̀rọ̀mágbèsì, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á dá yín padà sílé.