Ẹja walleye àti pike ní adágún tí mọ́tò kò dé: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Winnipeg

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí mo ti gbé àwòrán ẹja síbí ni àwọn kan ti ń bi mí pé báwo la ṣe ń dé ọ̀hún, kí la sì ń kó lọ. Ọ̀hún tí mo ń wí ni àwọn adágún àríwá Ontario tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, tó jẹ́ pé bàálù kékeré tó ń bà lórí omi ló ń gbé ni lọ, tó ń já ni sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà wá kó ni. N ó sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ẹ má tíì ra ọ̀pá ìwọ̀ kankan. Ìwọ̀n ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Láti Winnipeg, a gba Kenora kọjá, a yà sọ́wọ́ òsì ní Vermilion Bay, a sì tẹ̀ lé ọ̀nà 105 títí ó fi parí ní Red Lake. Ẹ má fi òru rin ọ̀nà yẹn. Moose, ẹranko igbó tó dà bí àgbọ̀nrín ńlá, dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga débi pé iná mọ́tò á gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá. Ẹ ò ní rí i àfi tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Red Lake, ẹ ó bá àwọn bàálù létí omi: Beaver, Otter, nígbà mìíràn Norseman àtijọ́. Kánádà ni wọ́n ti ṣe gbogbo wọn. Ọdún 1947 ni Beaver kọ́kọ́ fò, wọn ò sì tíì jẹ́ kó sinmi.

Òṣùwọ̀n kan wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá gbé wá, orí rẹ̀ ló ń gbà: oúnjẹ, ọtí, yìnyín, àpò ìsùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé yín lọ ló ń sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé, wọ́n sì tún máa ń bèèrè bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe wúwo tó. Àgbà kan nínú wa dín tirẹ̀ kù lórí fóònù, òṣùwọ̀n etí omi sì tú u fó. Awakọ̀ bàálù rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n páálí ọtí kan kò bá wa lọ.

Nítorí náà, kúlà ńlá, ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọ̀pá ìwọ̀ tí kò ṣe é tú sí méjì, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e wá. Ọkọ̀ ojú omi àti ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ń wà nídìí ilé pákó tí wọ́n ń gbé yín lọ, ìkòkò àti sítóòfù náà wà, ẹ má ru ìyẹn. Ohun tí èmi kì í fi sílẹ̀ ni gaàrí Ìjẹ̀bú. Kò wúwo, kì í bàjẹ́, kò béèrè iná. Omi adágún nìkan ni kí ẹ sè kí ẹ tó fi mu ún, bó ti wù kí omi náà mọ́ gaara tó. Kòkòrò tí ojú kò rí ń bẹ nínú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru níbi tí kò sí dókítà kì í ṣe eré.

Ní ti ẹja, walleye ni tèmi. Ojú rẹ̀ tó funfun yẹn kì í ṣe àrùn. Awọ kan wà nínú ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí àwọn ẹja kéékèèké tó ń lé kò ríran mọ́. Ìdájí àti àṣálẹ́ ló ń jẹun jù, àti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń da omi rú. Bí oòrùn bá mú ganrínganrín, tí omi pa rọ́rọ́, ẹ lọ sùn ọ̀sán.

Ọ̀pá fífúyẹ́ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, okùn tó lè gbé pọ́n-ùn 8, àti jig, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n da òjé mọ́ lórùn. Ìdámẹ́jọ òǹsì fún ibi tí omi kò jìn, ìdámẹ́rin fún ibi tó jìn, kí ẹ ní díẹ̀ tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ fi ìrù rọ́bà funfun tàbí aláwọ̀ ọsàn sí i. Ẹ jẹ́ kó kan ilẹ̀, ẹ gbé e díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún lọ. Nígbà tó bá ń lọ sílẹ̀ ni ẹja ń gbé e, ẹ ò ní mọ̀ ju pé okùn wúwo lọ́wọ́ yín. Jig ni kí ẹ kó lọ́pọ̀. Àpáta ìsàlẹ̀ omi á gba tirẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Thunder Bay

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò tíì dárúkọ ẹni tó ni adágún. Pike ńkọ́, ẹja gígùn tí eyín mímú kún ẹnu rẹ̀ yẹn?

Èmi àti ọkọ mi wà ní adágún kan lókè ìlú Armstrong. Mo ń fa walleye kan bọ̀, kò tóbi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Nǹkan kan yọ lábẹ́ wa, ó gbá walleye náà mú ní ìbú, ó sì dúró ń wò wá. Kò gbé ìwọ̀ rárá o! Ó kàn kọ̀ láti jọ̀ọ́ ni. Ọkọ mi sáré na àwọ̀n sí i, ó tú ẹnu, ó sì rọra wọ ìsàlẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí wa rí. Walleye tó kù sí mi lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló fá yán-án-yán-án.

Eyín yẹn ló yẹ kí ẹ máa rántí nígbà tí ẹ bá ń ra nǹkan. Okùn pọ́n-ùn 8 lẹ́nu pike, ẹ ò ní gbọ́ kó já. Á kàn fúyẹ́ lójijì ni, jig yín ti lọ. Ọ̀pá kejì ni kí ẹ mú lọ fún un: ọ̀pá tó le, okùn híhun tó gbé pọ́n-ùn 30 sókè, kí ẹ sì so wáyà tó tó íǹṣì 12 sáàárín okùn àti ìdẹ. Ẹ má so wáyà yẹn mọ́ ti walleye o. Ojú rẹ̀ mú jù, á yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an, iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Ẹ ra ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn, kí ẹ sì ra èyí tó ń gé irin. Pike tí ẹ gbé sínú ọkọ̀ á máa jà, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta á máa fò kiri lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló sì sábà máa ń bà lé. Ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́yìn ẹnu ìwọ̀, ẹ fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pa nílé kí ẹ tó gbéra. Ní Manitoba, òfin ni. Ní ibi púpọ̀ ní Ontario, ọgbọ́n ni. Ìwọ̀ tí kò lẹ́gùn-ún rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja, ó sì rọrùn láti yọ lára yín.

Bí ìwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún bá ti wọ ìka tàbí apá ńkọ́? Ẹ fi okùn tó lágbára kọ́ ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀, ẹ fi ìka tẹ ibi tó gùn lára ìwọ̀ náà mọ́ ara gírígírí, kí ẹ wá já okùn náà gbà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á ti jáde kí ẹni náà tó ké. Ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa. Bó bá jẹ́ ojú tàbí ọrùn ni, ẹ má fà á, ẹ bò ó, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ tetanus kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìjẹ̀ṣà, Minnesota

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí à ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, bọ́dà la kọ́kọ́ ń bá jà. Ẹja kéékèèké àti eṣúṣú tí a fi ń dẹ walleye níbí, wọn ò gbọdọ̀ kọjá bọ́dà láàyè. Ekòló nìkan ni wọ́n gbà, kò sì gbọdọ̀ wà nínú erùpẹ̀. Inú béèbà gígé ni kí ẹ kó o sí. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó da ike ekòló rẹ̀ nù níwájú gbogbo wa. Ó fẹ́ máa bá wọn ṣàròyé, ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ.

Ẹ tún gba ìwé àṣẹ ìpẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Oríṣi méjì ló wà ní Ontario, èyí tó wọ́n àti èyí tó pọ́ọ́kú. Ní agbègbè tí a máa ń lọ, èyí tó wọ́n ń gba walleye mẹ́rin, èyí tó pọ́ọ́kú ń gba méjì, ọ̀kan péré nínú wọn ló sì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 46 lọ. Iye ọjọ́ kan yẹn náà ni iye tí ẹ lè ní lọ́wọ́ lápapọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti kó ẹja kún fìrísà, ẹ ti gbọ́. Ìdí tí kúlà ńlá tí Ẹ̀gbọ́n sọ kò fi wúlò nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàálù nìkan. Bí ẹ bá sì gé ẹja láti gbé e lọ sílé, ẹ fi awọ díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, kí aṣọ́gbó lè mọ irú ẹja tó jẹ́, kó sì lè kà á.

Àwọn agbègbè yàtọ̀ síra. Adágún Lac Seul ní òfin tirẹ̀ lórí gígùn walleye. Ẹ ka ti ibi tí ẹ ń lọ.

Ará Saskatoon

Jackfish la ń pe pike níbí. Àwọn ará Ontario ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wá da ọjà rú, èmi torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń lọ. Bí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán, ẹ wá a lọ sí etí omi tí kò jìn, níbi tí ẹrẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń móoru, ibẹ̀ ni àwọn ńláńlá ń wá yáàrùn sí. Ní Reindeer Lake, mo rí wọn lójú kòrókòró, wọ́n gùn gbọọrọ nínú omi tí kò kọjá orúnkún. Tó bá di Oṣù Kẹjọ, àwọn àgbà inú wọn ti lọ sí ibi tó jìn, tó tutù. Ẹ máa wò wọ́n létí koríko omi.

Ìdẹ tèmi kò pọ̀: Dardevle pupa òun funfun, ìyẹn irin tó rí bíi ṣíbí, ńlá méjì kékeré méjì, àti Mepps, ìyẹn èyí tí irin rẹ̀ ń yí nínú omi, kan tàbí méjì. Ó tán. Ẹni tó bá gbé àpótí ìdẹ ńlá lọ, ìdajì rẹ̀ kì í kan omi.

Àǹtí, mi ò fara mọ́ ti ọ̀pá méjì yẹn. Ọ̀pá kan tí kò le jù, tí kò rọ̀ jù, okùn híhun pọ́n-ùn 15, kí a so fluorocarbon, ìyẹn okùn ike tó le tí kì í hàn dáadáa nínú omi, ti pọ́n-ùn 30 mọ́ iwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló máa mú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Thunder Bay

Á mú wọn títí pike ńlá á fi gé fluorocarbon yẹn fún yín, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta á sì wà lọ́fun rẹ̀ títí táá fi kú. Àti pé bí ọ̀pá kan ṣoṣo yẹn bá ṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Ẹ ó jókòó máa ka ìràwọ̀ títí bàálù á fi dé? Ọ̀pá méjì, bọ̀dá.

Ará Saskatoon

Ti pé ó lè ṣẹ́, mo gbà. Ti fluorocarbon, a ó bá ara wa jà lójúkojú.

Àbúrò tó ń múra, Brampton

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo ìparí Oṣù Karùn-ún tàbí Oṣù Kẹfà. Ìbéèrè mi: bí bàálù kò bá wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá ńkọ́? Ẹ̀fọn ńkọ́? Ṣé pike tiẹ̀ ṣe é jẹ? Béárì ńkọ́, ṣé a lè gbé ata tí wọ́n ń fín sí i lójú wọ bàálù?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Winnipeg

Àbúrò, ọjọ́ Sátidé kẹta nínú Oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣí walleye ní apá ibẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, yìnyín lè ṣì wà lójú adágún lásìkò yẹn, bàálù ò sì ní lè bà. Oṣù Kẹfà ni kí ẹ mú. Ẹ pe àwọn onílé pákó yẹn ní kíá, ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn máa ń gba ọ̀sẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé.

Bàálù lè má wá lóòótọ́. Kùrukùru tàbí afẹ́fẹ́ líle lè dá a dúró, kì í sì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ tó lé ti iye ọjọ́ yín, kí oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ náà lé. Fóònù yín kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A máa ń ya ẹ̀rọ kékeré inReach lò, sátẹ́láìtì ló fi ń ránṣẹ́, ìyàwó mi sì máa ń rí ọ̀rọ̀ wa kà lálaalẹ́. Ẹ má sì sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ pé ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ ó wọlé.

Ẹ̀fọn kì í ṣe wàhálà. Amùkúrù ni. Kòkòrò dúdú tín-ín-tín yẹn á wọ etí, á wọ abẹ́ fìlà, ẹ ó rí ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ó bu yín jẹ. Ẹ ra ẹ̀wù alápò tó ní àwọ̀n lójú, kí ẹ ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀. Oògùn tó ń lé kòkòrò, tí DEET wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan okùn ìwọ̀ tàbí ìrù rọ́bà, ó ń jẹ ike.

Pike ń jẹ, ó dùn. Eegun kan ló ń lé àwọn òyìnbó sá, ó ní ẹ̀ka méjì, ó tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ tó mú lè gé e yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ fi ẹja ṣáwá tọ́ dàgbà, kí ni tirẹ̀? Ẹ gbé ata gígún àti iyọ̀ dání, ẹ dín in létí omi, ẹ fi gaàrí tútù tì í.

Ti béárì, Àǹtí ló ń gbé nítòsí wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Thunder Bay

Ẹ ṣé o, ẹ ti fi mí fún béárì. Àbúrò, ẹ lè gbé ata yẹn, àmọ́ ẹ sọ fún awakọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Kì í jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ èrò, torí bó bá tú nínú bàálù, ojú òun náà kò ní ríran. Inú bàtà tí bàálù fi ń léfòó ni wọ́n máa ń tì í mọ́. Eegun àti ìfun ẹja, ẹ má dà á sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ bi onílé pákó ibi tí wọ́n ń kó o lọ, wọ́n sábà máa ń ní erékùṣù kan tàbí àpáta kan tó jìnnà, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń dúró dè é.