Béárì ò sí ní Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi

Ọmọ Sùúrùlérè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti kó oúnjẹ sùn nínú ọkọ̀ rí, kó wá sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.

Láti kékeré, inú Bíbélì nìkan ni mo ti mọ béárì, níbi tí àwọn ọmọ kan ti pe Èlíṣà ní apárí, tí abo béárì méjì sì jáde látinú igbó, wọ́n fa ọmọ 42 ya. Ìtàn ni mo kà á sí. Àfìgbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní California.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, ló lọ háyà ọkọ̀ kan tó dà bíi bọ́ọ̀sì, àmọ́ ilé ni nínú. Bẹ́ẹ̀dì ń bẹ, sítóòfù ń bẹ, fíríìjì kékeré ń bẹ. Téèyàn bá ti òrùlé ẹ̀ sókè, yàrá kejì yọ, ṣùgbọ́n aṣọ àgọ́ ni ògiri yàrá ọ̀hún. Ẹ fi aṣọ yẹn sọ́kàn o. Ẹ̀gbọ́n mi di oúnjẹ bí ẹni ń lọ síbi ìnáwó ẹbí: gàrí Ìjẹ̀bú, ata díndín, irú wooro, pánlá. Ó di Yosemite, igbó ńlá tí ìjọba ń dáàbò bò ní California níbẹ̀.

Níbi tí a ó páàkì sí, àpótí irin ńlá kan ló dúró dè wá. Ìlẹ̀kùn ẹ̀ ní ihò kékeré. Inú ihò yẹn ni ohun tí wọ́n fi ń ṣí i wà, ọwọ́ èèyàn lè wọ̀ ọ́, ti béárì ò lè wọ̀ ọ́. Obìnrin kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó wá bá wa, ó wo òrùlé wa, ó mi orí. Ó ní ọkọ̀ tó bá jẹ́ páànù líle látòkè délẹ̀, oúnjẹ lè sùn sínú ẹ̀, bí wọ́n bá ti fèrèsé àti ojú afẹ́fẹ́ pa. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ní aṣọ lára, àgọ́ ni wọ́n kà á sí. Gbogbo ohun tó bá ń rùn, inú àpótí ni kó sùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí a máa tilẹ̀kùn. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní béárì á ki èékánná bọ etí ìlẹ̀kùn ọkọ̀, á fà á wálẹ̀ bí ẹni ń ṣí páálí. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan o: ọṣẹ, ìpara, ọṣẹ ìfọyín, ike ẹlẹ́rìndòdò tó ti ṣófo, títí kan bébà tí wọ́n fi nu ọwọ́. Imú lẹranko yẹn fi ń ríran.

A kó wọn síta. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ la kó.

Ó tó aago méjì òru, mo gbọ́ èémí. Kì í ṣe ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, torí ìyẹn ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìta ni. Hùù. Hùù. Ó dákẹ́. Ó wá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà. Lójijì, ọkọ̀ mì. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi jí, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Olówó orí mi, kí lẹ gbé sábẹ́ síìtì?" Ọkùnrin yìí ò fèsì. Pánlá ni! Ó ti yọ ègé kan pamọ́, ó wé e sínú ọ̀rá dúdú, pé òun á máa bù ú jẹ tóun bá ń wakọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n ti sọ fún wa pé ariwo ni wọ́n fi ń lé e. Mo nawọ́ sí hóònù, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọmọrí lu ìkòkò, ọkọ ẹ̀ ń pariwo "Olè! Olè!" bíi pé Ìdúmọ̀tà la wà. Béárì náà yí padà, ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Níwájú iná ọkọ̀ ni mo ti rí i pé àwọ̀ ẹ̀ dà bíi kòkó gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ "béárì dúdú" ni wọ́n ń pe irú ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a rí ojú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn, èékánná márààrún sì ti ha ọ̀dà. Obìnrin yẹn ò bú wa. Ó kàn ní béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ èèyàn wò kì í gbàgbé. Á máa padà wá, á máa ya ìlẹ̀kùn, nígbẹ̀yìn wọ́n lè ní láti pa á. Pánlá wa ni ì bá pa á. Ìyẹn dùn mí ju owó ọ̀dà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lọ.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Mushin:

Àbúrò mi, béárì tìẹ ṣì ń gbọ́ ariwo. Eku Mushin ò gbọ́. Bọ́ọ̀sì àlòkù ni mo fi ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì, inú ẹ̀ náà ni mo ń kó ọjà sí lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, kò sítáàtì. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: èkúté ti kọ́lé sórí ẹ́ńjìnnì, àkísà mi ni wọ́n tẹ́ sùn, èépá búrẹ́dì wà níbẹ̀ bí oúnjẹ àlejò, wáyà mẹ́ta ti já. Èrè ọjọ́ mẹ́rin bá a lọ. Wáyà ṣì ṣeé rà. Ìtọ̀ wọn ló ń bà mí lẹ́rù, torí ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nílùú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, eku ló ń gbé e kiri, oúnjẹ tí wọ́n bá tọ̀ sí tàbí yàgbẹ́ sí lèèyàn fi ń kó o. Rọ́bà pẹ́ńtì ni mo kọ́kọ́ rà; wọ́n jẹ etí ọmọrí ẹ̀ wọlé. Garawa onípáànù tó ní ọmọrí ni mo ń lò báyìí, mo sì máa ń gbá inú bọ́ọ̀sì kí n tó lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù ló wù mí, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń pè é.

Tísà, Àjàh:

Ọ̀bọ ni tèmi. A kó ọmọ ilé ìwé lọ sí Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó tí wọ́n ń dáàbò bò l'Ékòó níbí, àwọn ọmọ sáré lọ sórí afárá òkè tó gùn ní mítà 401, dírẹ́bà wa sì fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìgbà tí a máa padà dé, ọ̀bọ ti jókòó sórí síìtì mi, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Ó mọ̀ ọ́n bó o.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Mushin:

Pánlá yẹn wá ńkọ́?

Ọmọ Sùúrùlérè:

Mà, àpótí irin yẹn ò jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lọ. Èmi náà ò lọ. La bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń gé pánlá gbígbẹ jẹ, láìsí ata, láìsí omi, títí ilẹ̀ fi mọ́.