Orúkọ tí wọ́n fa ìlà lé nínú Bíbélì bàbá àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bíbélì bàbá àgbà wa ti dọ́wọ́ mi báyìí. Láàárín Málákì àti Mátíù, ojú ìwé kan wà tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìrìbọmi àwọn ọmọ sí. Ọmọ mẹ́fà la máa ń kà nílé wa, àmọ́ méje ló wà níbẹ̀. Wọ́n fa ìlà lé ẹ̀kẹrin, wọ́n sì tẹ gègé mọ́ ọn débi pé bébà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni mo rí kà.

Mo bi màmá mi. Wọ́n ní kí n má tú ohun tí àwọn àgbà ti dì, ni wọ́n bá gbé orin ìsìn sẹ́nu. (Tí màmá mi bá ti gbé orin báyẹn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.)

Ṣùgbọ́n Mátíù orí 1 kò jẹ́ kí n sinmi. Támárì, Ráhábù, aya Ùráyà, àwọn obìnrin tí ìtàn wọn lè ti ìdílé lójú: wọn ò fi ìkankan pamọ́ nínú ìran Jésù. Kí ló dé tí tiwa fi di ohun ìpamọ́?

Ta ló ti wá orúkọ nínú ìwé ìrìbọmi àtijọ́ rí? Kí ni mo máa sọ fún akọ̀wé ìjọ nígbà tí n ò mọ orúkọ ọmọ náà tán? Etí ojú ìwé náà sì ti ń já. Ṣé kí n ya fọ́tò rẹ̀ nìkan ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ba ẹ̀yìn Bíbélì náà jẹ́?

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa tún bi ìyá yín?